Àwọn Ará Súmérì Tí Bàbá Mi Pè Ní Ìbátan

Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin ti ilé ìwé dé, tó ní àwọn ará Súmérì ni olùkọ́ pín fún òun, ilé ìdáná ni mo wà, mò ń gbé ẹja jáde nínú fìríìsà, mi ò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn ìlú àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì wọn. Wọ́n fún ọmọ kan ní Íjíbítì, wọ́n fún òmíràn ní Ṣáínà, òun wá bọ́ sí Súmérì, inú rẹ̀ ò sì dùn, torí òkú Íjíbítì tí wọ́n fi aṣọ wé ló wù ú. Bàbá mi jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n ń wo yìnyín tó ń yọ́ lórí òrùlé aládùúgbò wa. Wọ́n yíjú padà.

"Súmérì kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ìbátan wa ni wọ́n."

Ìtàn ni bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ta ni Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé ìlà-oòrùn la ti ṣẹ̀ wá? Àwọn kan ní Mẹ́kà ni, àwọn kan ní Íjíbítì ni, àwọn mìíràn sì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé Ifẹ̀ náà la wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti bàbá mi tún jìnnà ju Mẹ́kà lọ. Wọ́n ní ká máa lọ títí a ó fi dé àárín odò méjì kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìráàkì lónìí, níbi tí àwọn ará Súmérì tẹ ìlú dó sí, tí àwọn ará Bábílónì sì wá jogún ibẹ̀ lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò gbà á gbọ́, mi ò sì jà á níyàn. Ọ̀rọ̀ bàbá ẹni ni. Èèyàn a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa bá tiẹ̀ lọ.

Ikú màmá mi ló gbé wọn dé Oshawa, ìlú tí à ń gbé lókè òkun níbí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ní kí wọ́n wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí ojú wọn lè kúrò lára àga tí màmá máa ń jókòó sí. Ọkọ mi ń ṣe ṣíìfù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bowmanville, èmi ń bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Markham, nítorí náà bàbá àgbà àti ọmọ ni wọ́n jọ máa ń wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ń sọ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹnì kejì yí èdè padà.

Wọ́n sọ tábìlì ìjẹun wa di Súmérì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń bá wọn nídìí rẹ̀, ìwé àti páálí kún ibẹ̀, kò sáyè àwo. Bàbá mi ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ yẹn kò ní òkúta, kò ní igi gidi, pé amọ̀, omi àti ìfèéfèé ló pọ̀ níbẹ̀.

"Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣe gbogbo nǹkan," ni wọ́n wí. "Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe dòjé tí wọ́n fi ń kórè ọkà. Nígbà tó wá di pé wọ́n fẹ́ kọ̀wé, kí lo rò pé wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé bóyá bébà.

"Níbo ni wọ́n ti máa rí bébà? Amọ̀ náà ni. Wọ́n á gé ìfèéfèé, wọ́n á máa tẹ orí rẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù. Tó bá ti gbẹ, ó di ìwé."

Wọ́n sọ fún un pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà tó ni ín, pé òrìṣà yẹn ló ni ilẹ̀, òun ló ni oko àti màlúù, ọba kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Wọ́n sọ nípa òkè gìrìwò tí wọ́n máa ń fi bíríkì mọ sáàárín ìlú, tó ní àtẹ̀gùn, tí ilé òrìṣà wà ní téńté rẹ̀. Wọ́n sọ nípa ilé ìwé wọn, níbi tí wọ́n ti ń na ọmọ tó pẹ́ dé, tí wọ́n ń na èyí tó sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń na èyí tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára. Ọmọ mi béèrè bóyá kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá.

Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ òkú ni nǹkan kọ́kọ́ rú mi lójú. Mò ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́, mo ń gbọ́ wọn.

"Wọn kì í gbé òkú wọn jìnnà," ni bàbá mi ń sọ. "Abẹ́ ilé ni wọ́n máa ń sin ín sí, kó lè wà nítòsí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n á máa da omi sílẹ̀ fún un, wọ́n á máa gbé oúnjẹ fún un. Ṣé kì í ṣe bí àwọn bàbá tiwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Ọmọ náà rò ó. Ó béèrè bóyá abẹ́ ilé ni màmá àgbà náà wà. Mo fẹ́ sọ pé rárá, àmọ́ inú ọgbà ilé wa ní Ìbàdàn la sin màmá mi sí lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá bàbá mi. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni, kì í ṣe abẹ́ ilé. Nígbà tí mo wá ní kó lọ kó aṣọ tí mo fọ̀ wá láti béésímẹ́ǹtì, ó dúró lókè àtẹ̀gùn, kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní ta ló wà lábẹ́ tiwa.

"Kò sẹ́nì kankan," ni mo wí.

"Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi tutù," ni bàbá mi wí.

Mo wo ojú wọn bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀. Mi ò rí i. Mi ò sì rí ìbànújẹ́. Wọ́n ti padà sídìí àwòrán òkè alátẹ̀gùn tí ọmọ ń kùn.

Lẹ́yìn èyí ni ti òǹkà. Ọmọ mi yá ìwé ní láíbìrì, ó ń kà á sókè, ó wá kà á pé tí àwọn akọ̀wé Súmérì bá fẹ́ kọ iye tó kù díẹ̀ kó pé ogún, wọ́n lè kọ ogún, kí wọ́n wá fi àmì kan sí i pé ó dín ọ̀kan. Bàbá mi dìde dúró.

"Kí là ń pè é lédè wa?"

Ọmọ ò mọ̀. Èmi ni wọ́n yíjú sí, bí ẹni pé kíláàsì wọn ni mo wà.

"Oókàndínlógún," ni mo wí.

"Tú u palẹ̀."

"Ọ̀kan dín ní ogún."

Wọ́n jókòó. Èmi ni mi ò lè jókòó. Láti kékeré ni mo ti ń ka òǹkà yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló dé tí a fi ń lọ síwájú ká tó padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Markham, mo rí i pé mò ń bi ara mi léèrè bóyá ó ṣeé ṣe.

Ọmọ mi kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ìbátan bàbá àgbà òun ni àwọn ará Súmérì. Olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé níbo ló ti rí èyí. Ọmọ gbé e wá bá mi. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká lọ fojú ara wa rí nǹkan wọn ní mùsíọ́mù, bóyá a ó mọ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ nílé ṣáájú ìgbà yẹn. Bàbá mi gbé kẹ́tùlù kaná láìsí omi nínú rẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí màmá mi gbé aago ọwọ́ wọn sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń ṣàlàyé fún ọmọ mi bí amọ̀ ṣe máa ń tutù lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé láàárọ̀, tí ọwọ́ á ti kú tipiri kí olùkọ́ tó dé, wọ́n sì ń ra ọwọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ni. Mo rò pé bí olùkọ́ àgbà ṣe ń sọ̀tàn ni. Mo tún rò pé ọ̀fọ̀ màmá mi ló ń bá wọn jà. Èwo ni ọgbọ́n nínú rẹ̀, èwo ni ọ̀fọ̀, èwo ni ohun mìíràn, mi ò mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. A wọ tíréènì láti Oshawa dé àárín Toronto, a wá bọ́ sí sọ́bùwè. Bàbá mi wọ kóòtù ọkọ mi lé bùbá wọn lórí, ara wọn yá gágá, wọ́n ń ka orúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan fún ọmọ. Nínú yàrá tí wọ́n kó nǹkan Bábílónì sí, kìnnìún kan wà lára ògiri tí wọ́n fi bíríkì dídán ṣe, ẹnu rẹ̀ là, ó ń rìn lọ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣàlàyé fún àlejò. Irun rẹ̀ ti funfun lábẹ́ síkáàfù. Ó ní ọmọ Ìráàkì lòun, pé itòsí àwókù ìlú Úrì àwọn ará Súmérì ni wọ́n bí òun sí. Nínú ọkàn mi mo ní, ó tán, ẹni tó máa la ọ̀rọ̀ yìí nìyí.

Bàbá mi fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ wọn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbátan fún un, láti orí òǹkà dé orí òkú abẹ́ ilé. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán.

"Àwọn ará Róòmù náà máa ń sọ pé ogún dín ọ̀kan," ni obìnrin náà wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ìbátan yín làwọn náà."

"Ó ṣeé ṣe," ni bàbá mi dáhùn.

Obìnrin náà wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, sà. Ẹ̀gbẹ́ ìlú yẹn ni mo dàgbà sí. Nílé ìwé, wọ́n ní ọmọ àwọn ará Súmérì ni wá. Nílé, bàbá mi àgbà ní Lárúbáwá ni wá, pé ńṣe la bá àwókù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ò mọ ohun tí mo jẹ́ sí wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá ìbátan èdè Súmérì káàkiri ayé, wọn ò rí ẹyọ kan. Òun nìkan ló wà."

Ó ní lẹ́yìn tí kò sí ìyá tó ń fi èdè náà bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn akọ̀wé Bábílónì ṣì ń kọ́ ọ nílé ìwé, wọ́n ṣì ń fi gbàdúrà nílé òrìṣà láti ìran dé ìran. Mo wo ọmọ mi. Ó ń ya kìnnìún sínú bébà rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi wò ó.

Lẹ́yìn náà la dé ibi ère kékeré kan. Ọkùnrin ni, ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ojú rẹ̀ tóbi bí ojú ẹni tí kì í sùn. Bàbá mi béèrè bóyá òrìṣà ni. Obìnrin náà ní rárá, èèyàn ni. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò lè wà nílé òrìṣà nígbà gbogbo, a ní kí wọ́n gbẹ́ ère òun, wọ́n á gbé e síwájú òrìṣà kó máa bá a dúró, kó máa bá a gbàdúrà.

"Tí ẹni tó ni ín bá kú ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Ère náà á ṣì dúró."

Bàbá mi mi orí. Wọ́n ní kí èmi àti ọmọ máa lọ síwájú, àwọn ṣì fẹ́ wò ó. A lọ wo àwọn èdìdì, òkúta kéékèèké tí wọ́n máa ń yí lórí amọ̀ kí àwòrán ara wọn lè hàn síbẹ̀. A ò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a padà, bàbá mi ti bọ́ bàtà, wọ́n tò ó jẹ́ẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ẹ káàsán, mà," ni wọ́n wí.

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé obìnrin ará Ìráàkì ni wọ́n ń kí, àmọ́ ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn àlejò mìíràn, Yorùbá sì ni ìkíni náà.

"Dádì, èmi ni."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí. Wọ́n ní kí n dúró síbí títí ẹ ó fi dé ni."

Àǹtí tí wọ́n ń wí yìí ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó tọ́ wọn dàgbà. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó kú. Inú fọ́tò kan ni mo ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń ní iwájú orí rẹ̀ ni mo gbé wáyé. Bàbá mi ò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ìbẹ̀rù wà lójú wọn, mo rí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló dá mi dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Dádì, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ń wá àgbàlagbà tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo tún un sọ, ẹ dìde, sà, gbígbọ̀n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Obìnrin ará Ìráàkì sáré dé, ó bi mí bóyá ara wọn ò yá. Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ.

Bí mo ṣe ń fọ̀wọ̀ fún wọn tó ni ẹ̀rù ń bà wọ́n tó. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ọ̀nà kan ló kù, ẹnu mi ò sì fẹ́ gbà á. Mo ní, "Ó ti tó. Wọ bàtà ẹ. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

"Ẹ ṣé, mà," ni bàbá mi wí.

Wọ́n wọ bàtà kíákíá, wọ́n di etí kóòtù mi mú, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Ọmọ mi rìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì títí a fi dé ibùdó tíréènì. Níbẹ̀ ló ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, pé ṣebí mo ti sọ fún òun pé ọmọdé kì í sọ "o" sí àgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí mo wá sọ ọ́ sí bàbá àgbà. Mo ní ìgbà mìíràn wà tí èèyàn máa ń… Ó dúró dè mí díẹ̀, ó wá fi mí sílẹ̀.

Bàbá mi sùn nínú tíréènì. Bí a ṣe ń sún mọ́ Pickering ni wọ́n jí, wọ́n wo omi adágún lójú fèrèsé.

"Ṣé a ti kúrò ní Bábílónì?" ni wọ́n bi wá.

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Ojú wọn ti padà jẹ́ ojú tí mo mọ̀.

Dókítà tí a gbé wọn lọ bá gbé bébà fún wọn pé kí wọ́n ya aago. Inú wọn dùn sí i. Wọ́n ṣàlàyé fún dókítà pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì la ti jogún ọgọ́ta ìṣẹ́jú tó wà nínú wákàtí, nítorí ọgọ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò nǹkan. Òótọ́ ni, mo ti kà á nínú ìwé ọmọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ya aago náà tán, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà sí, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Dókítà yíjú sí mi, ó bi mí bóyá wọ́n ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì kan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọ̀rọ̀ Súmérì dé ètè mi. Mo gbé e mì. Ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà jù mí lọ nílé wa. Tí mo bá kà á mọ́ àìsàn, ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀? Tí n kò bá sì kà á mọ́ ọn, kí ni mo fẹ́ fi pe ọjọ́ Sátidé yẹn? Mo sọ nípa kẹ́tùlù, mo sọ nípa Àǹtí. Dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni, pé ó ti ń bọ̀ tipẹ́.

Ọmọ mi ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú kíláàsì. Kò yọ ọ̀rọ̀ ìbátan kúrò, ó kàn fi kún un ni. Ó ní bàbá àgbà òun sọ pé ìbátan wa ni wọ́n, obìnrin kan tí wọ́n bí sí ibẹ̀ sì sọ pé òun ò mọ̀ bóyá ìbátan òun ni wọ́n, màmá òun náà ò sì mọ̀. Olùkọ́ ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi èwo ló gbà gbọ́. Ó gbé èjìká sókè, ó ní kí n fún òun ní jùúsì.

Bàbá mi fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ padà sílé. Mo gbìyànjú láti dá wọn dúró. Mo sọ̀rọ̀ dókítà, mo sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ibi tí ìyá rẹ wà ni kí o gbé mi lọ." Mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, ẹni tí ara rẹ̀ dá ni tàbí ẹni tó ń gbàgbé. Ọkọ mi ní tí a ò bá mọ̀, ká ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo sì sìn wọ́n dé Ìbàdàn. Bí a ṣe wọlé, wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tó máa ń há, wọ́n kí aládùúgbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì màmá mi, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé irọ́ ni mo pa fún un lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi bi òun náà pé ọmọ ta ni.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Mo máa ń yá ìwé nípa Bábílónì ní láíbìrì, mo ń kà á nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, mi ò sì mọ ohun tí mò ń wá. Mo kà á pé tí ọ̀tá bá ṣẹ́gun ìlú, wọ́n máa ń gbé ère òrìṣà ìlú náà lọ sí ilẹ̀ tiwọn, àwọn tó kù nílé á sì máa sọ pé òrìṣà wọn rìnrìn àjò ni, pé á padà dé. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi gbé fóònù fún bàbá mi. Ohùn wọn le, ó mọ́.

"Ilé tí ò ń gbé níbẹ̀, kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?" ni wọ́n bi mí.

"Igi ni, Dádì. Igi, àti páálí lára ògiri."

Wọ́n ní igi máa ń jẹrà, kì í dúró bí amọ̀.

"Ta ló máa wá rí i nígbà tó bá yá?"

Mo ní mi ò mọ̀, sà. Wọ́n ní kò burú, pé ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó ní oòrùn ti ń mú níta, òun fẹ́ gbé wọn wọlé.